Ògiri Tó Ń Ka Àgùntàn: Ìtàn Tẹ́ńpìlì Ńlá Thanjavur

Àgùntàn 96 ni fìtílà kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sára ògiri ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ní ìlú Thanjavur, ní gúúsù Íńdíà. Ẹni tó bá fẹ́ kí fìtílà tirẹ̀ máa jó níwájú òrìṣà tọ̀sán-tòru, abo àgùntàn 96 ni yóò fà kalẹ̀. Bí kò bá ní àgùntàn, abo màlúù 48 yóò ṣe é, tàbí abo ẹfọ̀n ilé 16. Wọn yóò kó àwọn ẹran náà lé darandaran lọ́wọ́, òun ni yóò sì máa wọn òróró tí wọ́n yọ́ láti inú wàrà wọn wá sí tẹ́ńpìlì lójoojúmọ́. Ẹran lè kú o, ṣùgbọ́n iye ẹran kò gbọdọ̀ dín: ọmọ ni yóò rọ́pò ìyá. Ìdí nìyí tí àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Tamil fi ń pe irú agbo bẹ́ẹ̀ ní àgùntàn tí kì í kú, tí kì í darúgbó.

Ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ilẹ̀ Íńdíà, ẹwà ni wọ́n fi ń pe èèyàn. Èyí náà rẹwà, gíga rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani, àmọ́ ohun tó mú èmi dúró tì í ni pé ilé náà mọ ìṣirò. Ẹni tó bá rìn yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ká, ìwé ìnáwó ló ń kà.

Thanjavur wà ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, níbi tí odò Kaveri ti ya sí ẹ̀ka-ẹ̀ka kó tó dé òkun. Ilẹ̀ rírọ̀ ni, ilẹ̀ ìrẹsì. Orí ìrẹsì yẹn ni agbára àwọn ọba Chola dúró lé. Ọba tí ọ̀rọ̀ wa kàn, Arulmozhi ni wọ́n ń pè é kó tó gorí ìtẹ́ ní 985. Rajaraja, ìyẹn ọba àwọn ọba, ni oyè tó wá mọ́ ọn lára. Ó bá àwọn Chera jà ní ìwọ̀ oòrùn, ó bá àwọn Pandya jà ní gúúsù, ó bá àwọn Chalukya jà ní àríwá. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọdá sí Sri Lanka, wọ́n fọ́ Anuradhapura tó jẹ́ olú ìlú ibẹ̀ láti ayébáyé, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí ìjọba rẹ̀ parí, ó ní erékùṣù Maldives náà ti di tòun.

Àwọn tó ń ṣe ìwé fún arìnrìn-àjò a máa rọra fò ibí yìí, wọn a tẹra mọ́ ọ̀rọ̀ ìfọkànsìn. Ògiri kò fò ó. Ó sọ ọ́ gbangba pé lára ohun iyebíye tí ọba fi ta òrìṣà lọ́rẹ, ìkógun ni, láti ọwọ́ àwọn Chera àti Pandya tó ṣẹ́gun. Ó dárúkọ àwọn abúlé ní Sri Lanka tí ìṣákọ́lẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ la òkun kọjá wá sí Thanjavur. Rajaraja náà ló sọ àṣà kan di ńlá tí kò ní ṣòroó yé ọmọ Yorùbá. Kí àkọsílẹ̀ ọba kankan tó sọ ohun tó fẹ́ sọ, oríkì ọba ni yóò kọ́kọ́ ṣáájú, ní ewì Tamil: ogun tó jà, ìlú tó fọ́, ilẹ̀ tó gbà. Meykirtti ni wọ́n ń pè é. Bí ọba bá ṣe ń ṣẹ́gun sí i ni oríkì ń gùn sí i, débi pé àwọn onítàn òde òní a máa fi gígùn oríkì náà mọ ìgbà tí wọ́n gbẹ́ òkúta kan.

Nǹkan bí ọdún 1003 ni iṣẹ́ ilé náà bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́ rèé: ilẹ̀ ìrẹsì kò ní òkúta. Gbogbo òkúta akọ tí wọ́n lò, ọ̀nà tó tó 50 kìlómítà ni wọ́n ti ń wọ́ ọ bọ̀, láti ìhà Tiruchirappalli àti Pudukkottai. Àwọn tó fojú díwọ̀n rẹ̀ ní yóò tó 130,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn tẹ́ńpìlì tí àwọn Chola ti kọ́ ṣáájú, kéékèèké ni wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ó dà bíi pé ẹni tó ti ń kọ́ ahéré ṣàdédé jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ́ ààfin. Orúkọ ọ̀gá tó darí iṣẹ́ náà wà lórí ògiri: Kunjaramallan Rajaraja Perunthachan. Perunthachan ni ọ̀gá pátápátá láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà. Rajaraja tó wà láàárín jẹ́ orúkọ ọba fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi dá a lọ́lá. Mélòó nínú àwọn tó kọ́ ilé ńláńlá ayé àtijọ́ la mọ orúkọ wọn?

Àgbàlá rẹ̀ gùn tó 240 mítà, ó fẹ̀ tó 120, bí ìgbà tí èèyàn to onígun mẹ́rin méjì tó dọ́gba tẹ̀lé ara wọn. Ìlà oòrùn ni wọ́n ń gbà wọlé. Ẹnubodè àkọ́kọ́ ń jẹ́ Keralantakan, ìyẹn ẹni tó rẹ́yìn Kerala, oyè ogun ọba. Ìkejì ń jẹ́ Rajarajan. Lẹ́yìn wọn ni Nandi wà, akọ màlúù tí Shiva, òrìṣà tó ni ilé náà, ń gùn. Lẹ́yìn Nandi, gbọ̀ngàn; lẹ́yìn gbọ̀ngàn, yàrá òrìṣà; lókè yàrá òrìṣà, ilé gogoro náà fúnra rẹ̀, ìpele 13, tó lé ní 60 mítà, tó ń fún sí i bó ṣe ń ròkè. Nínú àwọn tẹ́ńpìlì tí àwọn ọba ìgbà ìkẹyìn kọ́, bí irú èyí tó wà ní Madurai, ẹnubodè ló máa ń ga fíofío, tí ilé òrìṣà fúnra rẹ̀ yóò sì fara pamọ́ láàárín. Ní Thanjavur, ẹnubodè mọ ipò ara rẹ̀. Ní tèmi, báyìí ló bá mi lára mu jù. N kò rí ìdí tí ìloro yóò fi ga ju ilé lọ.

Inú ilé gogoro náà ṣófo, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wà. Ògiri méjì ló yí yàrá òrìṣà ká, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín wọn, ní ìpele méjì. Nígbà tí wọ́n kọjá ìpele kejì, wọ́n da ògiri méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan tó nípọn. Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n ń jẹ́ kí ìlà òkúta kọ̀ọ̀kan yọrí díẹ̀ sínú ju èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, títí àlàfo àárín fi kéré, tí wọ́n sì fi òkúta ńlá dé e. Wọn kò fi nǹkan kan lẹ òkúta mọ́ òkúta. Ìwúwo ló ń di ìwúwo mú. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, nínú òkùnkùn, lingam ti Shiva dúró, òpó òkúta dídán kan tó ga tó ọkùnrin méjì. Rajarajesvaram ni ọba sọ ilé náà, ilé Olúwa Rajaraja. Brihadisvara tó wà nínú ìwé káàkiri ayé, orúkọ èdè Sanskrit tó dé lẹ́yìn ni. Àwọn Tamil kì í fi ìyẹn da ara wọn láàmú: Periya Kovil ni wọ́n ń pè é, Tẹ́ńpìlì Ńlá.

Irú ilé báyìí kì í ṣe aláìní ìtàn àròsọ. Wọ́n ní òjìji rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Irọ́ ni, ẹni tó bá dúró ní àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí i. Wọ́n ní òkúta tó dé e lórí jẹ́ odindi kan, pé ó wúwo tó 80 tọ́ọ̀nù, àti pé láti abúlé Sarapallam, nǹkan bí kìlómítà mẹ́fà síbẹ̀, ni wọ́n ti ṣe òkè erùpẹ̀ tó ń ga díẹ̀díẹ̀ kí erin lè wọ́ ọ dé òkè. Ayàwòrán-ilé ará Faransé kan, Pierre Pichard, tó wọn ilé náà lẹ́sẹẹsẹ tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1995, fi hàn pé òkúta bíi mélòó kan ni wọ́n so pọ̀ di adé yẹn. Mo mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bí nínú. Èmi rò pé ẹni tó gbé òkúta gígé sókè tó bẹ́ẹ̀, tó so wọ́n pọ̀ láìní ìdè, tí ojú kò fi rí oríkèé wọn fún ẹgbẹ̀rún ọdún, kò nílò irọ́ kankan láti fi gbé e ga.

Ní ọjọ́ 275 ọdún 25 ìjọba rẹ̀, ìyẹn ní 1010, Rajaraja fi ìkòkò bàbà kan ta òrìṣà lọ́rẹ kí wọ́n gbé e sí góńgó ilé náà. Ìwọ̀n ìkòkò náà wà lórí ògiri: 3,083 palam. Ìwọ̀n wúrà tí wọ́n fi bò ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọba jókòó ní gbọ̀ngàn kan nínú ààfin rẹ̀, ó pàṣẹ. Ohun tí òun fún òrìṣà, ohun tí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin fún un, ohun tí àwọn ayaba fún un, àti ohun tí àwọn èèyàn yòókù fún un, kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta ilé náà. Kundavai ni ẹ̀gbọ́n tí à ń wí. Orúkọ rẹ̀ ṣáájú ti àwọn ayaba, ẹ̀bùn rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó hàn pé kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ilé. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbà wúrà, òrùka, ère idẹ: gíga ère kọ̀ọ̀kan, iye apá rẹ̀, iye péálì tó wà lára ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, èyí tó dán àti èyí tó ní àbùkù. Bí wọ́n bá wọn ẹ̀gbà, wọ́n á sọ bóyá wọ́n wọn okùn tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Òkúta tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú tẹ́ńpìlì ní orúkọ tirẹ̀, Adavallan, orúkọ Shiva oníjó. Òrìṣà ni ìwọ̀n, ta ló fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ?

Owó tí àwọn èèyàn bá fún òrìṣà kì í sùn sínú àpótí. Tẹ́ńpìlì a yá àwọn ìgbìmọ̀ abúlé lówó náà, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ́dún. Èlé abúlé yìí wà fún òórùn dídùn inú omi tí wọ́n fi ń wẹ òrìṣà, èlé abúlé tọ̀hún wà fún oúnjẹ àjọ̀dún. Báǹkì ni, bí a bá fẹ́ẹ́ pè é bó ṣe jẹ́. Akápò, aṣọ́nà, aṣírò owó, afọṣọ, onígbàjámọ̀, amọ̀kòkò, aránṣọ, alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni tó ń tan fìtílà, ẹni tó ń wọ́n omi sílẹ̀, ẹni tó ń gbé agboòrùn: ìpín ìrẹsì olúkúlùkù wà lákọsílẹ̀. Akọrin 48 wà níbẹ̀ pẹ̀lú onílù méjì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa kọ orin ìyìn Shiva ní èdè Tamil.

Àwọn tí mo máa ń padà sọ́dọ̀ wọn jù ni àwọn obìnrin 400. Oníjó àti ìránṣẹ́ òrìṣà ni wọ́n, Rajaraja kó wọn láti àwọn tẹ́ńpìlì káàkiri ilẹ̀ Chola, ó sì kọ́ àdúgbò fún wọn, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù. Ògiri dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń jẹ́ Nakkan lákọ̀ọ́kọ́, kí orúkọ tiwọn tó tẹ̀ lé e. Ó sọ tẹ́ńpìlì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá. Ó sọ ilé tó ń gbé: ilé àkọ́kọ́ ní ìlà gúúsù, ilé kejì, ilé kẹta, títí ó fi tán. Ìpín obìnrin kan jẹ́ òṣùwọ̀n kalam 100 ìrẹsì lọ́dún. Bí ẹnì kan bá kú tàbí tó kó kúrò nílùú, ìbátan rẹ̀ tó súnmọ́ ọn jù lọ ni yóò gba ipò rẹ̀, bó bá mọ iṣẹ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó yan ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn mọ ilé tí obìnrin tí kì í ṣe ọmọ ọba gbé ní ọ̀rúndún 11, níbikíbi láyé.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í dé, Shiva fúnra rẹ̀ ń jó lára òkúta. Ìgbésẹ̀ ijó 108 ló wà nínú ìwé àtijọ́ lórí ijó ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn agbẹ́kùúta gbẹ́ 81, wọ́n dúró. Àyè 27 tó kù wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, òkúta lásán.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òrìṣà, ní àríwá, ilé kékeré kan wà tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà Rajaraja. Chandikesvara ló ni ín, ìránṣẹ́ Shiva tó ń bójú tó ohun ìní rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dókòwò tẹ́ńpìlì nígbà náà: bí wọ́n bá yá abúlé lówó, Chandikesvara ló yá wọn. Títí di òní, kí olùjọsìn ilẹ̀ Tamil tó jáde nílé Shiva, yóò yà lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò pàtẹ́wọ́ tàbí kó fi ọwọ́ ra ọwọ́ níwájú rẹ̀, kó lè rí i pé òun kò mú nǹkan kan lọ.

Rajaraja kú ní 1014. Rajendra ọmọ rẹ̀, tí ogun tirẹ̀ dé odò Ganges, kó olú ìlú kúrò ní Thanjavur lọ sí ìlú tuntun tó pè ní Gangaikondacholapuram, ó sì kọ́ tẹ́ńpìlì tirẹ̀ síbẹ̀, ó jọ ti bàbá rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ga tó o. Àwọn kan ní ìbọ̀wọ̀ fún bàbá ni. Ó ṣeé ṣe. Ìjọba Chola parí ní 1279, àwọn Pandya gba ilẹ̀, lẹ́yìn wọn ìjọba Vijayanagara, àwọn Nayak, àwọn Maratha. Olúkúlùkù ló ń fi tirẹ̀ kún un. Ilé abo òrìṣà tó wà ní àgbàlá, ìgbà Pandya ni. Nandi ńlá tí gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò, odindi òkúta kan tó wúwo tó nǹkan bí 25 tọ́ọ̀nù, ìgbà Nayak ni wọ́n gbé e síbẹ̀, kì í ṣe Rajaraja. Àwọn náà ló mọ odi tí wọ́n sì gbẹ́ yàrà yí ibẹ̀ ká. Ní 1803, ọba Maratha tó ń jẹ́ Serfoji Kejì gbẹ́ ìtàn ìdílé tirẹ̀ sára ògiri, ó gùn gan-an. Ó jọ pé ẹni tó bá gbé ibẹ̀ pẹ́, ògiri yẹn á máa pè é. Lára ilé gogoro náà lápá àríwá, láàárín àwọn òrìṣà, ère ọkùnrin kan wà tó dé fìlà òyìnbó. Wọ́n ní ará Denmark ni, nítorí pé àwọn ará Denmark ṣòwò ní Tranquebar, etíkun tí kò jìnnà síbẹ̀. Ohun tó wá wá sókè yẹn, kó sọ fún wa.

Láàárín gbogbo èyí, wọ́n gbàgbé ẹni tó kọ́ ilé náà. Kò sí ohun tó yà mí lẹ́nu tó o nínú ìtàn yìí. Orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ní àìmọye ìgbà, pẹ̀lú oríkì, pẹ̀lú ọdún, pẹ̀lú ọjọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé Tamil ti yí padà, èèyàn ń kọjá lára lẹ́tà bí ẹni ń kọjá lára ọnà. Ìtàn kan gba ẹnu wọn pé ọba àtijọ́ kan, Karikala, tí ẹ̀tẹ̀ ń dà láàmú, ló kọ́ ọ kí ara rẹ̀ lè yá. Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Madras gba ọmọ Jámánì kan, Eugen Hultzsch, síṣẹ́ láti máa ka ohun tó wà lára òkúta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà ògiri Thanjavur, ó kà á, Rajaraja jáde. Láti 1891 ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n sínú ìwé, àgùntàn, obìnrin, ẹ̀gbà, gbogbo rẹ̀.

Ohun mìíràn ṣì wà tí wọn kò tíì rí. Ní 1931, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Annamalai, S. K. Govindaswami, wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkùnkùn tó yí yàrá òrìṣà ká. Àwọn Nayak ti yàwòrán sára ògiri ibẹ̀ ní ọ̀rúndún 17, ẹfun rẹ̀ sì ti ń já bọ́ níbì kan. Lábẹ́ ibi tó já, àwòrán mìíràn yọjú. Ti Chola ni. Wọ́n ti yà á nígbà tí ẹfun ògiri ṣì tutù, kí àwọ̀ lè wọ inú rẹ̀: Shiva ajagun lórí kẹ̀kẹ́ ogun, àwọn oníjó nínú òfurufú, Sundarar akọrin lórí erin funfun tó ń lọ sí òkè Kailasa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọba Chera lórí ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ fún ìjọba wá rí ọ̀nà láti ká àwòrán Nayak kúrò láìbà á jẹ́, kí ti Chola lè rí ìmọ́lẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ àlejò, nítorí èémí èèyàn a máa ba àwọ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníjó kò tán sí orí òkúta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rin ní Thanjavur, Chinnayya, Ponnayya, Sivanandam àti Vadivelu, to ijó tẹ́ńpìlì àti ti ààfin sí ètò tí ijó Bharatanatyam ń gbà títí dòní. Àmọ́ ipò obìnrin tí wọ́n fi fún òrìṣà ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ń bú, àwọn kan sì ń rẹ́ àwọn obìnrin náà jẹ. Ní 1947, òfin ìpínlẹ̀ Madras fòpin sí fífi ọmọbìnrin fún tẹ́ńpìlì. Nígbà tí ilé náà pé ẹgbẹ̀rún ọdún ní 2010, oníjó 1,000 ló jó ní àgbàlá rẹ̀. Kò sí ẹni tó gba ìrẹsì.

Ìjọba Íńdíà ti ya àwòrán rẹ̀ sára owó 1,000 rúpíì ní 1954. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 1987, wọ́n sì fi ti Gangaikondacholapuram àti ti Darasuram, tẹ́ńpìlì Chola mìíràn, kún un ní 2004. Ṣùgbọ́n Rajaraja fúnra rẹ̀, ìta ló wà. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ gbé ère rẹ̀ sínú àgbàlá; ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní kò ní ṣeé ṣe. Ère náà dúró sẹ́yìn odi, lẹ́bàá títì, ọkọ̀ ń kọjá níwájú rẹ̀.

Tẹ́ńpìlì tí wọ́n ṣì ń bọ ni, kì í ṣe ilé ọnà, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yà á sí mímọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní June 1997 tí wọ́n fẹ́ẹ́ ṣe é, iná mú àgọ́ tí wọ́n fi ewé bò fún ètùtù, èèyàn tó lé ní 40 ló kú. Wọn kò tún ṣe é mọ́ títí di 5 February 2020. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjà èdè ló kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀: àwọn kan ní Tamil ni Rajaraja fi gbẹ́ ògiri rẹ̀, Tamil ni kí àlùfáà fi pe òrìṣà, àwọn mìíràn ní Sanskrit ni àṣà. Ilé ẹjọ́ gíga ní kí wọ́n lo méjèèjì. Kó tó di ọjọ́ náà, wọ́n ti sọ ìkòkò bàbà orí góńgó kalẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi wúrà tuntun bò ó, wọ́n kó ọkà tuntun sínú rẹ̀, wọ́n sì tún gbé e gòkè padà.